Ohun Tó Kù Lára Yín Wà Lọ́wọ́ Dúpẹ́

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé a kì í kí ẹni tó ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì mọ bí mo ṣe lè kí yín lọ́nà mìíràn. Ara mi le. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà ní Òkòkòmáíkò níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí, àwọn oníbàárà ṣì ń bú mi pé mi kì í mú àdéhùn ṣẹ. Ilé wa ní Ìbà náà wà. Mo ti kun iwájú rẹ̀, àwọ̀ tí ẹ kò fẹ́ gan-an ni mo sì fi kùn ún. Ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ló gbé mi jókòó láti kọ ìwé. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi sùn yín. Mo ń jowú, Màmá. Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún, mo ń jowú ọmọ tó gba yàrá kan lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀, torí ojú yín kì í fo nǹkan. Ẹ kàn ṣe bí ẹni tí kò rí i ni.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Dúpẹ́ kọ́kọ́ dé. Òjò ti pa á, ó gbé báàgì kan àti páálí ìwé kan, ó ní òun ń wá yàrá tí kò jìnnà sí yunifásítì. Ẹ gbé oúnjẹ fún un kí ẹ tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ìgbà tó dáhùn, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ará Èkìtì ni, ojú yín sì tàn. Láti ọjọ́ yẹn, èdè Èkìtì ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ lẹ́yìnkùlé, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín, èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí àlejò tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi tí ẹ bí, ẹ kò kọ́ mi ní èdè yẹn. Ẹ ní ọmọ Èkó ni mí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Dúpẹ́ ńkọ́, kí ni òun ń fi ṣe?

Ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n tí ìwé ìwádìí tí Dúpẹ́ ń kọ ní yunifásítì bá dé, ẹ ó wá awò yín, ẹ ó wá bírò pupa yín, ẹ ó jókòó tì í. Ẹ kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń kọ, ẹ kàn ń tọ́ gírámà rẹ̀ ni. Ẹ lè lo ọ̀sán kan gbáko lórí ewé mẹ́ta. Tí èmi bá gbé aṣọ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan rán wá sílé, ẹ ó yí inú rẹ̀ síta, ẹ ó wo ojú rírán rẹ̀, ẹ ó ní, "Ó dáa." Ó tán. Ó dáa nìkan. Mo máa ń gbé aṣọ náà wọ yàrá, mo sì máa ń dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá ẹ máa pè mí padà.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí tí ẹ bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, Dúpẹ́ ni ẹ sọ ọ́ fún. Èmi rí i pé ẹ ń rù, ẹ sọ fún mi pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo ń ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí bọ̀ láti Ìyànà-Ìbà, ẹ ń gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ ń mu ún, ẹ ń dúpẹ́, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Dúpẹ́ mú yín lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ti rọ́bà tó ní iná lórí wọ inú ìfun yín, wọ́n rí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ wá sọ fún mi, Dúpẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń ká etí ìborùn yín. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jókòó, a ní nǹkan tí a fẹ́ bá yín sọ." A. Ẹ̀yin àti òun ti di "a," èmi sì ti di "yín." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kí n tó gbọ́ orúkọ àìsàn.

Kí ló dé tí kì í ṣe èmi? Mo ti bi yín ní ìbéèrè yìí lójú oorun, mo ti bi yín nínú kẹ̀kẹ́ márúwá tí awakọ̀ fi ń wò mí nínú dígí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n so àpò mọ́ yín níkùn kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ jáde. Èmi ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kí ó má baà bó, mo mọ bí mo ṣe máa gé ojú àpò náà kó bá ihò ibẹ̀ mu rẹ́gí, torí ọwọ́ aránṣọ ni ọwọ́ mi. Dúpẹ́ bẹ̀ mí pé kí òun náà ṣe é lọ́jọ́ kan kí n lè sinmi. Mo ní rárá. Ó tún bẹ̀ mí. Mo ní bí ó bá fọwọ́ kàn yín, òun àti èmi á jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ mí, mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi nìyẹn, Màmá, mi ò sì fẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ lọ, ọ̀sán ni. Mo ní kí n sáré lọ fún oníbàárà kan ní aṣọ rẹ̀, kí n tó dé, ẹ ti lọ, Dúpẹ́ ló di ọwọ́ yín mú. Ìyẹn náà, òun ló ni ín.

A gbé yín lọ sílé ní Èkìtì, a sin yín dáadáa. Dúpẹ́ kó kúrò nílé wa lẹ́yìn oṣù kan, mi ò sì ní kó má lọ. Mo rò pé ó ti parí.

Àfi ní oṣù tó kọjá, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán Túsìdeè. Mo ń fi áyọ̀ọ̀nù tẹ ìṣẹ́tí aṣọ kan lọ́wọ́.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Pẹ̀lẹ́. Ṣé kò sí?"

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó kó ìwé kan jáde. Ó ní, "Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màmá, Màmá fún wa láyè pé ká lo díẹ̀ lára ibi tí wọ́n bá gé fún ìwádìí wa ní yunifásítì. Màmá fúnra wọn ló fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìwádìí àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òmíràn báyìí, yunifásítì sì ní àfi kí ẹbí gbà."

Mo fi áyọ̀ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ náà. "Ibi tí wọ́n gé lára ta ni?"

"Lára Màmá."

"Ó ṣì wà?"

"Ó ṣì wà, mà. Inú ìda bíi ti àbẹ́là ni a fi sí, kì í bàjẹ́."

Màmá, mo ti rò pé gbogbo ara yín ni mo sin. Mo dúró lẹ́nu kòtò yẹn, mo rí i tí erùpẹ̀ bò yín, mo sọ lọ́kàn mi pé ó kéré tán, kò sẹ́ni tó tún máa bá mi pín in. Àṣé díẹ̀ kù. Ọwọ́ ẹni tó kù sí náà nìyí.

Mo ní kó dìde. Mo ní kó kó ìwé rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ láti ẹnu mi kí ẹ má baà gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Mo ní, "Ìyá tìrẹ ńkọ́? Lọ gé tìrẹ."

Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì jáde. Ìṣẹ́tí tí mo ń tẹ̀ ti jóná.

Mo gba ọ̀dọ̀ Àǹtí Rẹ̀mí lọ ní Ìjànìkín ní ọjọ́ Sátidé, torí mo rò pé wọ́n máa bá mi bínú sí i. Àbúrò yín náà nìyẹn, ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán pátápátá, wọ́n ń ha ẹja lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "O ti sọ tìẹ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ibi tí wọ́n gé náà ṣe?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"O ò béèrè?"

"Mi ò béèrè."

Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Owú lò ń jẹ. Kò sí ẹni tí kì í jẹ ẹ́. Èmi náà jowú ìyá rẹ títí wọ́n fi kú, nítorí pé orúkọ wọn ni ìyá wa máa ń kọ́kọ́ pè tí wọ́n bá ń wá èmi. Ṣùgbọ́n lọ wo nǹkan tó wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Tí o bá wò ó tán, tí o ṣì ní rárá, rárá tìẹ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́."

Mo lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì yunifásítì bi mí ẹni tí mo fẹ́ rí, mo pe orúkọ Dúpẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ni màmá wọn?" Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí yàrá ìwádìí wọn.

Dúpẹ́ rí mi, ó sì dìde fìrì bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ bá nídìí eré. Ó wọ kóòtù funfun. Mo ní nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo wá wò, mi ò wá ṣe nǹkan mìíràn. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ìda kékeré kan jáde, kò ju ìdí àtàǹpàkò lọ. Ohun kan wà láàárín rẹ̀, ó ní àwọ̀ bí eérú. Kò sí orúkọ yín lára rẹ̀, nọ́ńbà ni. Mo gbà á sọ́wọ́. Kò wúwo.

Ó ní wọ́n máa ń rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kó fẹ́lẹ́ ju ewé Bíbélì lọ, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi sáàárín gíláàsì. Ó ní kí n fi ojú sí ẹnu ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá. Mo rí àwọ̀ elésè-àlùkò àti àwọ̀ bí òdòdó, gbogbo rẹ̀ dùn ún wò, inú sì bí mi pé ó dùn ún wò.

"Àwọn tó rí róbótó tó ṣù jọ yẹn," Dúpẹ́ wí, "sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìyẹn. Ẹ rí àwọn tó gùn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tó yí wọn ká?"

"Mo rí wọn. Wọ́n pọ̀."

"Àwọn yẹn kì í ṣe àrùn. Ara Màmá ni wọ́n. Gbogbo wa la ní wọn. Àwọn ló ń gbé ìfun dúró."

"Bí aṣọ tí a máa ń fi sínú kọ́là kó má baà wó."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mà. Tí ọgbẹ́ bá wà nínú ìfun, àwọn náà ló máa ń sáré lọ dí i. Wọ́n á ta okùn, wọ́n á rán ojú rẹ̀ pọ̀. Tó bá jinná, wọ́n á sinmi. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ máa ń pè wọ́n bí ọgbẹ́ ṣe ń pè wọ́n. Wọ́n á wá, wọ́n á máa rán, kò sì ní jinná, nítorí náà wọn ò ní sinmi. Okùn tí wọ́n ń ta á nípọn títí á fi dà bí ògiri, agbára káká ni oògùn á fi máa wọlé. Wọ́n tún ń fún jẹjẹrẹ náà ní ohun tó fi ń dàgbà."

Mo gbé ojú kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ní, "Ara wọn ló ràn án lọ́wọ́?"

"Wọn ò mọ̀, mà. Wọ́n rò pé àwọn ń wo ọgbẹ́ sàn ni."

"Ẹ pa wọ́n dànù nígbà náà. Ẹ wá oògùn tó máa pa wọ́n."

"Wọ́n ti dán an wò lára eku. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n pa wọ́n tán tí àrùn náà sì burú sí i, torí àwọn kan nínú wọn ló ń dá a dúró kó má tàn kálẹ̀. Bí ẹ bá sì wò wọ́n, ojú kan náà ni wọ́n ní. Èyí tó ń gbè é àti èyí tó ń dí i lọ́nà, mi ò tíì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Ti Màmá pọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín."

Mo tún fi ojú síbẹ̀. Mo wo àwọn tín-ín-rín yẹn títí omi fi dé ojú mi, tí gbogbo rẹ̀ pò pọ̀. Àánú wọn ṣe mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ohun tó wà lọ́kàn mi ju àánú lọ. Mo ń rò ó pé ọmọ yìí ti mọ inú ìyá mi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, inú tí mo jáde wá láti ibẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ibi tí ẹ jókòó sí yìí náà ni Màmá jókòó sí."

Mo ní, "Màmá ta ni?"

Ó rí i pé mi ò mọ̀. Ó wá ní ẹ̀yin náà ti wá wò ó rí, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ẹ ṣì lè rìn. Ìgbà tí ẹ sọ fún mi pé ẹ ń lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀jọ́ ni. Èmi ni mo so àpò mọ́ yín lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo fi ìró yín bò ó kó má hàn. Kí ló dé, Màmá? Ṣé ẹ rò pé mi ò ní gbọ́ ọ ni? Àbí ẹ kàn fẹ́ ní ohun kan tí kò sí èmi nínú rẹ̀?

Mo bi Dúpẹ́, "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní tí ọmọ kíláàsì àwọn bá kun àwòrán báyìí, àwọn á fún un ní máàkì gidi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bi mí bóyá ó máa ń dun àwọn sẹ́ẹ̀lì náà."

"Kí ni wọ́n sọ nípa mi?"

Mo rí i tó ń wá a lọ́kàn. Mo rí i pé ó mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́, ó lè fún mi, kò ní ná an ní nǹkan kan.

Ó ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan nípa yín lọ́jọ́ yẹn, mà."

"Rárá?"

"Wọn ò sọ ọ́. Mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Mi ò sì lè pa á fún yín."

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ nínú yàrá yẹn tutù. Mo jókòó síbẹ̀. Mo rò pé màá bínú, ṣùgbọ́n ohun tó dé yàtọ̀. Bí ó bá ti sọ pé ẹ pe orúkọ mi, pé ẹ sunkún nítorí mi, màá ti gbà á gbọ́, màá sì ti máa wò ó títí ayé bí ẹni tó fún mi ní ìyá mi lọ́rẹ. Ó jẹ́ kí n ní òtítọ́ mi, bó ṣe korò tó. Òun nìkan ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìgbà tí ẹ ti ń mu àgbo.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù, kò dáa. Má bínú."

Ó ní, "Wọ́n ti sọ èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi rí, mà." Ó gba ìda náà lọ́wọ́ mi, ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Ó kẹ̀yìn sí mi nígbà tó ní, "Tiyín ló dùn mí jù."

Mo bi í níbo ni ìwé wà. Ó gbé e wá. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo béèrè àwọn ibi tí kò yé mi, mo sì sọ fún un pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí, ì báà jẹ́ pé wọn ò rí nǹkan kan, mo fẹ́ kó wá sọ fún mi kó tó sọ fún ẹlòmíràn. Ó ní òun ṣèlérí. Mo kọ orúkọ mi, mo fọwọ́ sí i. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ti béèrè ohun tí mo jẹ́ sí olóògbé. Ààyè tó wà níbẹ̀ kò ju ti ọ̀rọ̀ kan lọ.

Mo kọ ỌMỌ. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, mo tẹ bírò náà tó fi gba ẹ̀yìn ìwé yọ.

Dúpẹ́ na ọwọ́, ó gbà á. Ojú rẹ̀ kò lọ sí ibi tí mo fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló ń wò. Ó wò ó pẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tí mò ń wo ẹ̀yin méjèèjì. Mo dá ojú yẹn mọ̀, torí ojú owú tèmi ni. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun náà ní in.

Ó yẹ kí n fa ìjókòó mọ́ ọn. Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan fún un. Mo ti ṣe é lẹ́yìn náà, ó ti wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì, a ti jọ jẹun. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, Màmá, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún: inú mi dùn. Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi.

Ẹ sùn dáadáa. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí owú rẹ̀ kò tíì tán.